Ọmọ Ajánásì

Ní àdúgbò Fante New Town, gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ohun tó bá wọ orí Sàbírátù kì í jábọ́. Alfa Jímọ̀h ará Ìlọrin ló bí i, ajánásì tí í ka Kùránì níbi tafsiri lóṣù Ramadani, kí alfa kejì tó túmọ̀ rẹ̀ fún jàmáà. Ohun tí baba bá kà, ọmọ a há a sórí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1988, ó ń ránṣọ lọ́sàn-án, ó ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Tafo, nítorí ó fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Bi í léèrè kí ni ẹ̀dá ìtàn, kí ni ibùdó ìtàn, kí ni kókó-ọ̀rọ̀: yóò dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí àyọkà tí kò rí rí bá dé iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé náà ni yóò tún kọ padà. Ó ti tìtorí èyí fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Kásẹ́ẹ̀tì ni Yaa tí wọ́n jọ ń jókòó ń pè é.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Tíṣà Kojo ka àyọkà kan fún wọn, nípa apẹja tó kọ̀ láti ta ọkọ̀ jíjò tí baba rẹ̀ kàn. Ó ní kí Sàbírátù sọ kókó-ọ̀rọ̀ rẹ̀. Sàbírátù kà á padà láìwòwé, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Kásẹ́ẹ̀tì, yí apá kejì," ni Yaa wí. Kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí wọn. Ojú fèrèsé ló ti máa ń gbọ́ tafsiri.

"Sístà Sàbírá, bí bàbá rẹ bá kà tán, ṣé àwọn èèyàn máa ń dìde lọ sílé?"

"Rárá, Tíṣà. Wọ́n ń dúró de ìtumọ̀."

"Àwa náà ń dúró."

Ó wá yé Sàbírátù. Àṣé iṣẹ́ baba òun nìkan lòun ń ṣe látọjọ́ yìí. Àyè alfa kejì ṣófo. Ó rántí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú, èyí tó ń já òwú lójoojúmọ́, tí òun kò sì jẹ́ pààrọ̀.

"Kì í ṣe ọkọ̀ ni apẹja náà ń dáàbò bò," ló wí díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà á pé bí ọkọ̀ bá lọ, baba òun lọ tán."

Yaa yíjú wò ó. "Ẹ̀n-ẹ́n. Kásẹ́ẹ̀tì ti di rédíò."

Nígbà tí ìdánwò dé, Sàbírátù ka àyọkà rẹ̀ tán, ó gbé bírò sílẹ̀, ó dúró díẹ̀ bí jàmáà ṣe í dúró. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀.

Nígbà tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, Alfa Jímọ̀h fúnra rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà sínú ọkọ̀ fún un.