Lẹ́tà Tó Dé sí Orúkọ Bàbá

Ní gbogbo àdúgbò tó ti ń pín lẹ́tà, Baba Lẹ́tà ni wọ́n ń pè é, tọmọdé tàgbà. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń gbé àpò ìwé kọ́ èjìká, èjìká ọ̀tún ti lọ sílẹ̀ ju tòsì lọ, ajá àdúgbò kò tilẹ̀ gbó mọ́ ọn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń yangàn: kò ṣèèṣì fún ẹnikẹ́ni ní lẹ́tà ẹlòmíì rí. A máa ní ẹni tó bá tú lẹ́tà ẹlòmíì wò, bí ẹni yọjú wo balùwẹ̀ onítọ̀hún ni.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ìgbà tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún un wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń di irun ọmọ náà lọ sílé ìwé. Á wọ́ bàlàbàlà, àwọn tíṣà á sì tún un dì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara obìnrin kò gba ẹnu wọn kọjá rí. Nígbà tí nǹkan oṣù kọ́kọ́ dé, ìwé pélébé ni ọmọ náà kọ sí i. Bàbá ra ohun tó yẹ, ó gbé e síwájú ilẹ̀kùn, ó sì sá lọ. Ọmọ ti pé ọdún méjìlélógún báyìí, ó ń kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán ilé, ó sì ṣì wà lábẹ́ káàdì adójútòfò ìlera tí ibi iṣẹ́ bàbá fún wọn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá rí lẹ́tà kan tó jẹ́ tirẹ̀ nínú àpò. Iléeṣẹ́ adójútòfò ló fi í ránṣẹ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan, ó ya á. Wọ́n ní gẹ́gẹ́ bí òfin tuntun ṣe pàṣẹ, àwọn ti san owó gbogbo ìtọ́jú tí ọmọ rẹ̀ gbà lóṣù tó kọjá: àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ, àti ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n fi sí apá, èyí tí yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta.

Ara bàbá gbóná. Ọmọ tí òun ń di irun fún lánàá yìí? Ta ni ọkùnrin náà? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ tí yóò sọ nírọ̀lẹ́ jọ, kò rántí pé ẹyin lohùn.

Orí gbígbóná yẹn ló gbé dé ojúlé kejìlá, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Kò tíì rìn jìnnà tí màmá fi pè é padà. Lẹ́tà ojúlé kẹrìnlá ló ṣèèṣì fún wọn. Ojú tì í.

“Mo ti ya á kí n tó wo orúkọ,” màmá ní. “Bí mo ṣe rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni, mo ká a padà. Bá mi sọ fún ẹni tó ni ín pé mi ò kà á.”

Ó gbà á, ó sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti wá rántí pé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà ni ọmọ òun ti ń pàdé òun nírọ̀lẹ́, tó ń béèrè bóyá lẹ́tà kankan wá. Òun rò pé iṣẹ́ ló ń retí, òun tilẹ̀ ti ń bá a gbàdúrà sí i. Àṣé òun ló ń ṣọ́, bóyá òun ti rí lẹ́tà yìí. Ọmọ tí òun nìkan tọ́ ń bẹ̀rù òun. Èyí dùn ún ju ohun tó wà nínú lẹ́tà lọ, ó dúró ti ògiri kan, ó nu ojú.

Kó tó relé, ó yà ní ọ́fíìsì adójútòfò, ó béèrè bóyá wọ́n lè máa kọ lẹ́tà irú èyí sí ọmọ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe, wọ́n sì fún un ní fọ́ọ̀mù. Ó kó fọ́ọ̀mù àti lẹ́tà sínú àpòòwé tuntun, ó kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i gàdàgbà, ó kọ “Yàrá Ẹ̀yìn” sábẹ́ ẹ̀. Nígbà tó délé, ó kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ náà.

“Lẹ́tà ẹ rèé,” ó ní. “Mo ti kà á. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ ló wà nínú ẹ̀. Bó o bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn, ìwọ ni wọ́n á máa kọ ọ́ sí.”

Ọmọ náà gbà á. Ó béèrè bóyá inú ń bí i.

“Ó bí mi láàárọ̀.” Bàbá wo apá rẹ̀. “Ṣé ó dùn ẹ́ nígbà tí wọ́n ń fi í sí i?”

“Ó dùn díẹ̀, Dádì.”

Bàbá béèrè ẹni tó bá a lọ. Ọmọ náà ní kò sẹ́nì kankan, òun nìkan lòun lọ, òun nìkan lòun wọ bọ́ọ̀sì padà, tóun ń fi ọwọ́ kan di báńdéèjì mú.

“Bó o bá tún fẹ́ lọ, sọ fún mi,” bàbá ní. “Mi ò ní bá ẹ wọlé. Màá kàn jókòó síta dè ẹ́.”