Ìṣẹ́tí Gáùn Mi

Kò sí oúnjẹ kan tí mo jẹ ní gbígbóná lọ́dún náà. Mo ní láti ya fọ́tò rẹ̀ ná. Ìyá mi á gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, èéfín á ṣì máa rú lórí rẹ̀, èmi á gbé àwo náà lọ sídìí fèrèsé. Màá fi ṣíbí tún ẹran tò, màá nu etí àwo, màá gun orí àga kí n lè yà á láti òkè. Ìyá mi á jókòó, á máa wò mí.

"Ṣé ó ti tó báyìí?" ni yóò wí. "Ebi ò pa fóònù o. Ìwọ lebi ń pa."

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀ sí mi nídìí iṣẹ́ yẹn, inú máa ń bí mi, bí ẹni pé owó oṣù ni wọ́n ń san fún mi lórí rẹ̀.

Yàrá méjì la ní ní New Kru Town, ní Monrovia, èmi àti ìyá mi, nínú ilé kan tí atẹ́gùn òkun ti jẹ páànù òrùlé rẹ̀. Ògiri kan ṣoṣo ni mo ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nínú yàrá méjèèjì. Mo ra bébà funfun tí wọ́n ya bíríkì sí lára, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri náà, mo ta iná wẹ́wẹ́ sí i, mo sì gbé òdòdó oníke tí mo rà ní ọjà Waterside síwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ ti ìyá mi wà níbẹ̀, kò sì síbòmíì tí a lè gbé e sí. Mo da aṣọ léèsì bò ó, mo gbé òdòdó lé e lórí, ó di tábìlì. Ẹnì kan rí i lórí fóònù, ó béèrè ibi tí mo ti ra tábìlì tó dára tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀wé padà pé Èkó ni wọ́n ti gbé e wá.

Èkó yìí ni irọ́ mi. Ilé iṣẹ́ kan ní Benson Street ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì retí kí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ múra dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, ọmọbìnrin tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi fọwọ́ kan apá aṣọ mi, ó ní ta ló rán an. Ọmọ ìlú Monrovia ni, ó ń rẹ́rìn-ín, kò ní ìkà kankan nínú. Àmọ́ òun àti àwọn yòókù ní àǹtí ní Amẹ́ríkà, àwọn àǹtí yẹn sì ń kó aṣọ àti bàtà sínú àgbá ránṣẹ́ sí wọn ní Kérésìmesì. Èmi ní ìyá kan àti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ onípáànù lẹ́bàá títì. Kí n tó ronú, mo ti ní, "Bútíìkì kan ní Èkó ni."

Ìyá mi ló rán gbogbo rẹ̀. Màá fi aṣọ hàn án lórí fóònù, á gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, á wò ó fínnífínní, á ní, "Kò le. Ọrùn yẹn nìkan ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá." Lọ́jọ́ kẹta, aṣọ ti délé. Mo tiẹ̀ ra àmì kéékèèké tí wọ́n kọ orúkọ òyìnbó sí, mo ní kó máa rán an mọ́ ẹ̀yìn ọrùn aṣọ mi. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní kí ni èyí ń sọ. Mo ní àṣà tuntun ni. Ó rán an mọ́ ọn. Ojú òwú rẹ̀ gún régé, ó dára ju ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ lọ.

Èmi àti ọmọbìnrin yẹn di ọ̀rẹ́. Tí a bá ti parí iṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, a máa ń lọ sí etí òkun, a ó jẹ ẹja yíyan, a ó ya fọ́tò títí fóònù á fi kú. Kò mọ ilé mi. Nígbàkigbà tó bá béèrè, mo máa ń sọ fún un pé à ń tún un kùn lọ́wọ́.

Ní Sátidé kan, ó gbé gáùn kan wá sí ibi iṣẹ́ nínú láílọ́ọ̀nù. Ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí etí òkun lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ jù. Ó ní àǹtí òun sọ fún òun nípa ìyá Nàìjíríà kan ní New Kru Town tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí kì í fi àkókò oníbàárà ṣòfò. "Ọmọ ìlú yín ni. Wá bá mi bá a sọ èdè yín, kó lè bá mi ṣe é kíákíá."

Mo ní ṣé ibẹ̀ ò jìnnà jù. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ò ní pẹ́ gbé wa débẹ̀.

Ọ̀nà náà gùn tó láti fi sọ òtítọ́. A kọjá afárá, a kọjá àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù tó tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté, a há sínú èrò ọjà Duala. Níbẹ̀ ni mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Oòrùn yìí mú o." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo tẹ gáùn ara mi mọ́lẹ̀, ìṣẹ́tí rẹ̀ já.

Ìyá mi wà nídìí ẹ̀rọ, ó fi tẹ́èpù kọ́rùn. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la jọ mu ògì. Ó ti la ẹnu láti pè mí, ṣùgbọ́n kí orúkọ mi tó jáde, mo ti sáré sọ pé, "Good afternoon, Ma," mo sì nàró ṣánṣán bí òpó iná. Ọmọ Yorùbá wo ló ń kí ìyá rẹ̀ lóòró? Ọ̀rẹ́ mi ò lè mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀. Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ìyá mi wò mí. Ó wo ọ̀rẹ́ mi. Ó tún wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Welcome, my people," ló wí. "Sit down."

Ó wọn ìbàdí ọ̀rẹ́ mi, ó tú ojú ìrán, ó fi ẹ̀rọ gbá a pọ̀, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń wo ara rẹ̀ nínú dígí ló rí ìṣẹ́tí tó já lẹ́sẹ̀ mi. "Ha, jẹ́ kó bá ọ tún tìrẹ ṣe náà! Ole Ma," bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbí nìyẹn, "take time with da one o. Da one come from Lagos."

Ìyá mi fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn mi, níbi tí àmì yẹn wà.

"I see am," ló wí. "The person wey sew am try."

Ó mú páálí pín-ìnnì. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, débi pé orí ìjókòó ló ti ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí gbogbo ìjọ bá kúnlẹ̀. Ó di etí tábìlì mú, ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì, ìyá mi sì kúnlẹ̀ síwájú mi. Ó há pín-ìnnì sẹ́nu. Ó ń sọ̀rọ̀ láàárín eyín pé, "Turn." Mo yí. "Turn small." Mo tún yí. Etí mi gbóná. Mo rí àtàrí rẹ̀ nísàlẹ̀, ewú àti fọ́nrán òwú pupa kan tó lẹ̀ mọ́ irun. Gbólóhùn kan péré ni mo nílò, ẹ dìde, mà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo, gbogbo yòókù á tẹ̀ lé e jáde.

Ọ̀rẹ́ mi yọ fóònù. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára. "Ole Ma, bend your head small, let me see the gown."

Ìyá mi tẹrí ba. Fọ́tò náà dára. Mo gbé e sórí ayélujára ní etí òkun lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹja yíyan lọ́wọ́ mi, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sì kọ̀wé pé mo rẹwà.

Nígbà tí mo délé, ó ti bo oúnjẹ mi sínú kúlà. Mo dúró kó bú mi. Ó ní, "Pín-ìnnì ò gún ọ lẹ́sẹ̀, àbí?" Mo ní rárá. Ó ní ó dáa. Mo jẹun tán, mo wọlé lọ sùn. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ojú ń tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, mo sì tún ń bínú sí i, kí Ọlọ́run foríjì mí, pé kò jẹ́ kó ṣòro fún mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ mi nìkan padà lọ gbé síkẹ́ẹ̀tì kan fún un. Lọ́jọ́ kejì à ń jẹ ìrẹsì ọ̀sán nídìí tábìlì wa, ó ní àánú Ole Ma yẹn ṣe òun. Mo ní kí ló dé. Ó ní òun bi í bóyá kò ní ọmọ tó lè máa ràn án lọ́wọ́, kó má máa fi orúnkún yẹn wọ́lẹ̀ fún oníbàárà.

"She say she na born o," ló wí. "Kò bí rárá, kò ní ọmọ kankan. Mo sọ fún un pé Ọlọ́run mọ̀ ọ́n."

Obìnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án wá ọmọ. Obìnrin tí àwọn ìyá ọkọ kọ orin àgàn fún títí tó fi bí mi, tó sì jẹ́ pé lọ́dọọdún, ní ọjọ́ ìbí mi, ló ń dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ará ìjọ fi máa ń rẹ́rìn-ín pé ẹ̀rí yẹn tún ti dé. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àjèjì pé òun ò bí.

Mo gbé ṣíbí mi kalẹ̀. Mo ní, "Èmi ni ọmọ rẹ̀."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó yí àga rẹ̀ kọjú sí mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, Èkó, bútíìkì, àmì ọrùn aṣọ, tábìlì tí kì í ṣe tábìlì. Kò bá mi jà.

"So da your ma was on the ground there," ló wí, "and I tell her to bend her head."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ jẹun níta.

Láti ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ni mo gbà lọ tààrà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Mọ́mì, mo ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ẹ̀yin lẹ bí mi."

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, mo ti múra fún èébú, èébú gan-an ni mo fẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo ojú mi pẹ́, ẹ̀rù sì hàn lójú òun fúnra rẹ̀.

"Kí ni wọ́n wá sọ?" ló bi mí. "Ṣé wọn ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́?"