Bí Oyèrónkẹ́ Ṣe Wádìí Agbáhọ́kì Bí Ẹni Ń Wádìí Ọkọ

Kò sí ẹni tó kórìíra òtútù tó Oyèrónkẹ́ Ọbáfẹ́mi ní gbogbo Marietta, síbẹ̀ ilé yìnyín, níbi tí wọ́n ti ń gbá họ́kì, ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́jọ. Nínú oṣù kẹjọ, tí oòrùn Georgia bá ń yan ènìyàn bí àgbàdo, á bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù méjì lápá, á wọ ìkíní, á wọ ìkejì lé e, á fi ìborùn onírun bo etí, kó tó ti ilẹ̀kùn wọlé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ni obìnrin tí ń ra aṣọ òtútù nígbà ooru.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kò ju kó máa ṣètò bọ́ọ̀sì àti hòtẹ́ẹ̀lì fún ikọ̀ họ́kì tó ń lo gbọ̀ngàn náà. Egrets ni àwọn òyìnbó ń pe ikọ̀ yìí. Lékeléke ni Oyèrónkẹ́ ń pè wọ́n, nítorí ẹyẹ kan náà ni, aṣọ funfun ni wọ́n sì ń wọ̀ gbá a. Inú ìdíje kékeré ni wọ́n wà. Àwọn tó ń gbá a níbẹ̀ ò tíì dé ìdíje ńlá, wọn ò sì gbà pé àwọn ò ní í dé ibẹ̀ láéláé. Ọmọ ẹnu-ọ̀nà ni Oyèrónkẹ́ ń pè wọ́n: wọn ò tíì wọlé, wọn ò sì padà sílé.

Lọ́dún kìn-ín-ní, ohun tí ojú rẹ̀ rí kò ju kí géńdé méjìlá máa lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri lórí yìnyín, bí ẹni ń lé ẹmọ́ nínú ebè. Lọ́dún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Lọ́dún kẹta, ó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó sì ń fi Yorùbá kọ ohun tó bá rí sínú rẹ̀. Ohun tó kọ nípa Mikko, ọmọ Finland tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún Lékeléke, nìyí: “Nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ yá. Kó tó gba rọ́bà, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Ẹni tí ìyá kọ́ ni.”

Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, bàbá tó jẹ́ aṣàwárí ikọ̀ náà fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń wo àwọn ọmọ ibòmíràn, tó sì máa ń sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n mú àti ẹni tó yẹ kí wọ́n fi sílẹ̀. Àga rẹ̀ wá ṣófo nínú yàrá ìpàdé. Oyèrónkẹ́ fẹ́ àga yẹn. Ó fẹ́ ẹ débi pé bí kò bá sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà, á rọra jókòó lé e, á sì tètè dìde bí ẹni pé àga náà gbóná.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta, ọ̀gá ikọ̀ náà wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Eli ni orúkọ rẹ̀. Ó ti sọ lẹ́ẹ̀mẹwàá pé kó máa pe òun ní Eli lásán, ṣùgbọ́n ẹnu Oyèrónkẹ́ ò gbà á. Mr. Eli ló ń pè é. Ọjọ́ náà ni pàṣípààrọ̀ agbáhọ́kì máa parí fún ọdún yẹn. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù, ilẹ̀kùn ti tì.

“Ikọ̀ kan ní Ohio fẹ́ gba Mikko lọ́wọ́ wa,” ni Mr. Eli wí. “Tanner, ọmọ wọn tó ń gbá iwájú, ni wọ́n fẹ́ fi dípò rẹ̀. Kẹ́hìndé ní ká gbà. Mo máa ń rí ọ pẹ̀lú ìwé yẹn, Oyèrónkẹ́. Kọ ojú ìwé kan fún mi nípa àwọn méjèèjì kí aago mẹ́ta tó lù. Bí ó bá ràn mí lọ́wọ́, a ó sọ̀rọ̀ nípa àga aṣàwárí.”

Ó lọ. Oyèrónkẹ́ di tábìlì mú.

Kẹ́hìndé ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, Atlanta ni wọ́n bí i sí, òun ló sì ń fi kọ̀ǹpútà ka gbogbo ohun tí agbáhọ́kì bá ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ. Oyèrónkẹ́ gan-an ló mú un wá síbi iṣẹ́ yìí, ó sì ti kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

“Aunty, ẹ má bínú o, but àwọn number yìí ò lè parọ́. Tanner ti gbá góòlù mọ́kànlélógún wọlé. Mikko gbá méjì. Méjì, Aunty! Ìkan nínú ẹ̀ gan-an, bàtà ẹni tó ń kọjá lọ ló bà kó tó wọlé.”

“Nínú mọ́kànlélógún yẹn, mélòó ló gbá nígbà tí ikọ̀ rẹ̀ ti ń fìyà jẹ àwọn ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀?”

Kẹ́hìndé tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ dín kù díẹ̀. “Mẹ́wàá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n!”

“Mọ́kànlá ṣì ju méjì lọ, Aunty.”

“Kẹ́hìndé, nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, ṣé góòlù ni wọ́n kà?”

“Ah-ah! Aunty, họ́kì là ń sọ.”

“Ẹni tó ń bọ̀ wá bá wa gbé là ń sọ.”

Ó ṣí ìwé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Tanner ti wá gbá a ní Marietta. Ohun tó kọ nípa rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: “Ó yára bí ewé gbígbẹ nínú ọyẹ́.” Ó wo ìlà náà títí. Ó mọ ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n kò mọ ọmọkùnrin náà. Bẹ́ẹ̀, ní ilé tí wọ́n ti tọ́ Oyèrónkẹ́, wọn kì í fi ẹsẹ̀ nìkan mú ènìyàn wọlé. Wọ́n á rán alárenà, á lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a gbé.

Ó gbé fóònù, ó pe Ìyá Fẹ́yìsayọ̀.

Ìyá Fẹ́yìsayọ̀ ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹ̀ka ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó wà ní ìlú Tanner gan-an ní Ohio. Òun àti Oyèrónkẹ́ jọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Ìlọrin ni. Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú náà tí kò dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé kò tíì ṣẹlẹ̀.

“Ìyá Fẹ́yìsayọ̀, mo fẹ́ kí o bá mi wádìí ọmọkùnrin kan. Kíákíá ni o, kó tó di aago mẹ́ta.”

Igbe sọ nínú fóònù. “Ọlọ́run ń bẹ! Kí ni orúkọ ẹ̀?”

“Tanner. Ó ń gbá họ́kì.”

“Òyìnbó?”

“Òyìnbó ni.”

“Kò burú, kò burú. Ọwọ́ Ọlọ́run kan náà ló dá gbogbo wa. Ó ga?”

“Ó ga dáadáa.”

“Eyín ẹ̀ pé?”

“Méjì ti yọ níwájú.”

“Yéè!” Ó ronú díẹ̀. “Dókítà eyín pọ̀. Kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an?”

“Ìwà ẹ̀. Ṣé ara ẹ̀ le? Ṣé ẹni tó máa ń dúró síbi kan ni, àbí arìnká?”

“Fi í lé mi lọ́wọ́!”

Nínú ìkánjú, Oyèrónkẹ́ ti gbàgbé ohun kan. Ó ní ọmọbìnrin kan, Joanna, ẹni ọdún méjìlélógún tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, tí kò tíì mú ẹnikẹ́ni wálé. Ìyá Yorùbá tó bá ní irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ kì í béèrè ìwà ọmọkùnrin ìlú mìíràn nítorí eré ìdárayá.

Kó tó di aago mọ́kànlá, fóònù rẹ̀ ti ń gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí ibà mú. Pásítọ̀ Ọláníyọnu fi àdúrà ìṣẹ́jú mẹ́rin ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó ní kí Olúwa fi èdìdì sí i. Oyèrónkẹ́ rò pé ẹ̀bẹ̀ àga aṣàwárí ni wọ́n ń bá òun bẹ̀, ó ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni Joanna pè.

“Mummy, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo fẹ́ fẹ́?”

“Kí lo wí?”

“Aunty Ṣìkẹ́mi pè mí láti Covington, wọ́n kí mi kú oríire. Wọ́n ní ó ga, wọ́n ní kò léyín. Mummy, kí ni mo ṣe fún yín?”

Kẹ́hìndé, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, yọ̀ kúrò lórí àga, ó dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. “Aunty! Ẹ ti fi Joanna ṣe trade!”

“Dákẹ́ ẹnu ẹ! Joanna, ọmọ mi, kò sí ọkọ níbì kankan. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni.”

“Ẹ̀yin ni ẹ máa sọ fún Aunty Ṣìkẹ́mi o, Mummy. Èmi ti sọ, wọ́n ní ojú ló ń tì mí.”

Oyèrónkẹ́ pe Ìyá Fẹ́yìsayọ̀ kó lè tún ọ̀rọ̀ ṣe. Kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìgbà tí yóò fi di aago kan kọjá díẹ̀, Ìyá Fẹ́yìsayọ̀ fúnra rẹ̀ pè padà, tòun ti ariwo obìnrin mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ nínú mọ́tò.

“Ìyá Joanna, a ti débẹ̀ a ti kúrò níbẹ̀!”

“Níbo?”

“Ilé tó ń gbé! A gbé kúlà ìrẹsì kan dání. Ìyá àgbà òyìnbó tó ni ilé ló jókòó tì wá, ló tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ọkọ gidi ni! Láràárọ̀ ló ń bá ìyá náà kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kì í mutí. Ó ń pe ìyá ẹ̀ lójoojúmọ́. Òun náà dé bá wa níbẹ̀, ó jẹ ìrẹsì wa, ó ní ká tún bù sí i!”

“Ẹ rí i?”

“A fọwọ́ kàn án! Mo bi í pé ṣé ó ti ṣe tán láti fìdí kalẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ní tí ìdíje yìí bá ti parí, họ́kì tán. Nínú oṣù karùn-ún, ìlú bàbá ẹ̀ ló ń lọ, láti kọ́ṣẹ́ panápaná. Kò tún fẹ́ máa fi bàtà onírin sáré kiri mọ́. Ẹ ò rí ọmọ tó ní làákàyè!”

Oyèrónkẹ́ jókòó. Kẹ́hìndé, tí ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, dá ẹ̀rín dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí ìdíje parí. Ohun gbogbo tó sọ Tanner di ọkọ rere ló sọ ọ́ di pàṣípààrọ̀ tí kò dára rárá.

“Ìyá Fẹ́yìsayọ̀,” ni ó wí jẹ́jẹ́, “kì í ṣe ọkọ ni mo ń wá o.”

“Kí wá ni?”

“Họ́kì ni. Wọ́n fẹ́ fi Mikko gbà á.”

Ohùn kan béèrè láti ẹ̀yìn mọ́tò náà pé, “Ta ni Mikko? Ṣé ó ti níyàwó?”

Nígbà tí Oyèrónkẹ́ gbé bírò, ọwọ́ rẹ̀ kò lọ. Bí ó bá kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, àga di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí ìrẹsì ni ọmọ náà ti sọ ọ́, nítorí ó rò pé àwọn ìyá yìí fẹ́ràn òun. Bóyá kò tíì sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ohun tí a bá gbọ́ nídìí oúnjẹ ẹni, a kì í gbé e jáde lọ tà á. Ó kọ ọ́, ó ya á. Ó tún kọ ọ́, ó tún ya á.

“Aunty, aago méjì ti lù,” ni Kẹ́hìndé wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. “Ẹ ṣáà kọ ọ́.”

Ó kọ nípa Mikko ní ìlà mẹ́wàá: bó ṣe máa ń wẹ̀yìn wò, bó ṣe jẹ́ pé nígbà tí ó bá wà lórí yìnyín ni olùṣọ́lé wọn máa ń sinmi. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ bá a wá iye tó fi hàn pé òótọ́ ni. Nípa Tanner, ìlà kan péré ló kọ: “Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi òun fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ gbá họ́kì lọ́dún tó ń bọ̀.”

Mr. Eli kà á nínú yàrá ìpàdé, ó gbójú sókè. “Níbo ni ìbéèrè yìí ti wá?”

“Ní ilé wa, Mr. Eli, a kì í mú ènìyàn wọlé láì bi í bóyá ó fẹ́ dúró.”

Kẹ́hìndé ti ki apá aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń já a jẹ.

Mr. Eli wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pe Ohio, ó gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó sì béèrè ìbéèrè náà bí Oyèrónkẹ́ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọkùnrin tó gbé e ní Ohio ní, ó dájú pé yóò gbá a, ta ni kò ní í fẹ́ gbá a? Mr. Eli ní, “Bi í.” Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá. Oyèrónkẹ́ ń làágùn nínú kóòtù méjì, nínú ilé yìnyín. Fóònù dún. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ wúkọ́, ó ní, ó dà bíi pé ọmọ náà fẹ́ lọ máa pa iná.

“Ẹ ṣé,” ni Mr. Eli wí. “Mikko ò lọ síbì kankan.”

Ó pa fóònù. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ti àga aṣàwárí sẹ́yìn, ó sì fi orí júwe rẹ̀.

Oyèrónkẹ́ jókòó lé e, tòun ti kóòtù méjèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí kò dìde. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ́ ìdí dáadáa nígbà tí fóònù rẹ̀ gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ Ìyá Fẹ́yìsayọ̀ sì yọ lójú rẹ̀ gbàràgàdà: “Àwọn obìnrin ní kí n béèrè. Mikko yẹn, eyín tiẹ̀ pé?”

“Ta nìyẹn?” ni Mr. Eli béèrè.

“Ọ́fíìsì wa tó wà ní Ohio ni, Mr. Eli,” ni aṣàwárí wí, ó sì da fóònù náà dojú bolẹ̀.