Bọ́ọ̀dù Tó Mọ ‘Dìde’ Tí Kò Mọ ‘Jókòó’

Lọ́dún tí mo fẹ́ parí ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní Yaba, mo ń wá iṣẹ́ àṣekágbá tí màá ṣe, ìyá mi sì ń wá ọ̀nà tí yóò gbà fi mí yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku ní Surulere. Wọ́n lọ sọ fún Fíkà wa pé ọmọ àwọn lè ṣe bọ́ọ̀dù oníná tí yóò máa fi nọ́ńbà orin han ìjọ. Wọn ò bi mí.

Mo kan pákó, mo to gílóòbù pupa wẹ́wẹ́ sí i lójú mẹ́rin. Ojú kọ̀ọ̀kan ní ìlà méje, bíi ti aago onínọ́ńbà. Ṣíìpù kan tí wọ́n ń pè ní maikirokọntírólà ló ń pàṣẹ ìlà tí yóò tàn àti èyí tí yóò kú. Èmi ni mo kọ àṣẹ náà sínú rẹ̀. Nọ́ńbà jáde, ORIN náà jáde dáadáa.

Nígbà tí Fíkà rí i, ó wọ̀ wọ́n lójú. “Ṣé kò lè sọ fún ìjọ pé kí wọ́n dìde? Ó ti sú mi kí n máa gbọ́wọ́ sókè bíi wọ́dà ojú títì.”

Mo kọ DIDE fún wọn, mo fi d kékeré kọ ọ́, torí D ńlá ò yàtọ̀ sí òdo.

“Ó dáa,” ni Fíkà wí. “Ó ku JOKO.”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Òòró àti ìbú nìkan ni ìlà méje yẹn, kò sí èyí tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ K sì gbọ́dọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni H. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ dìde, wọ́n kọrin tán, bọ́ọ̀dù wá kọ JOHO. Kò sẹ́ni tó mira. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà kà á sókè níwájú: “Johó? Kí ni johó?” Ẹnì kan lẹ́yìn ní èdè Hébérù ni.

Mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn wá ọ̀rọ̀ míì. SINMI ní M, M náà ò ṣeé kọ, lẹ́tà rẹ̀ sì ju ojú mẹ́rin lọ. GUNWA ní W, ti ọba sì ni. Àfi bí mo ṣe rántí pé “fìdí kalẹ̀” la máa ń sọ nílé. FIDI! Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí bọ́ọ̀dù mi ò lè kọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, FIDI tàn pupa yòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Ẹgbẹ́ akọrin ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Fíkà yíjú pa dà, wọ́n kà á, wọ́n wúkọ́. “Ẹ ti rí i. Ẹ fìdí kalẹ̀.”

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá ìjọ ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà. “Ìdí wo lo rí nílé Ọlọ́run?”

“Èyí tí ẹ fi jókòó ni, mà.”

Ìyá mi gbá mi létí lójú gbogbo ayé.

A yọ FIDI kúrò. A fẹnu kò pé bí bọ́ọ̀dù bá ti kú, kí ìjọ jókòó. Ó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí iná fi lọ nígbà tí a wà láàárín Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. Gbogbo wa jókòó gbì, a sì ń ka ìgbàgbọ́ wa lọ. Fíkà tó kọjú sí pẹpẹ ò mọ̀, àfìgbà tí wọ́n ṣe àmín tí wọ́n yíjú pa dà. Wọ́n wò wá, àwọn náà lọ jókòó.

Lọ́jọ́ kejì mo gba ọjà Ládìpọ̀ lọ, mo ra bátìrì mọ́tò àlòkù, mo so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Wọ́n ṣì ń lò ó nígbà tí mo kúrò ní Surulere.