Èékánná Bàbá Mi

Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé náà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má baà rò pé mo fẹ́ ti ẹ̀bi sí ẹlòmíràn lọ́rùn.

Ọmọ méjì ni ìyá wa bí ní Erijiyan, èmi ni àkọ́bí. Arámọkọ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ni kò kúrò nílé rí. Òun ló ń bá bàbá wa ṣe oko kòkó, òun náà ló sì ń gbé e wẹ̀ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Èmi máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé, màá kó ọsàn àti búrẹ́dì wá, màá jókòó díẹ̀, màá sì padà.

Nígbà tí bàbá kú, tí a gbé e lọ sí mọ́ṣúárì, a ṣe ìpàdé ìsìnkú ní pálọ̀ rẹ̀. Àbúrò bàbá wa, tó ti di olórí ẹbí, jókòó sórí àga olóògbé. Kò sí ẹni tó ní kó dìde. Ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìsìnkú la wà lórí rẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin kan dé ẹnu ilẹ̀kùn tó sì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Kò tíì lè pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ní ará Ọ̀ṣun ni ìyá òun tó ti kú, pé òwò obì ló bá wá sí Ìjerò tó fi tẹ̀dó síbẹ̀, àti pé Ìjerò ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ lòun ti ń ránṣọ. Ó fa fọ́tò kan yọ láàárín Bíbélì rẹ̀. Bàbá wa ni lóòótọ́, ó gbé ọmọ jòjòló kan mọ́ àyà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Mi ò wá nítorí oko, mi ò wá nítorí ilé," ló wí. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bá yín rìn tẹ̀lé pósí rẹ̀."

Mo wo iwájú orí rẹ̀. Iwájú orí bàbá wa ni, kò yẹ̀ rárá. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn.

"Fọ́tò kì í bímọ," mo dá a lóhùn. "Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbé ọmọ ọlọ́mọ rí."

Àbúrò bàbá wa rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ayé ti lajú," ó wí. "DNA wà. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí gbogbo wa mọ ọmọ ilé." Bó ṣe ń sọ ọ́, àbúrò mi ló ń wò, kì í ṣe ọmọbìnrin náà. Mo rí i. N kò fi ṣe nǹkan kan.

Ìyá wa wà ní kọ̀rọ̀, ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní bí opó. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó bá yín rìn. Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ mi. Ohun tí ẹni tó ni ulé bá ti pa dé, ẹ má ṣí i."

Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Mo lọ bá lọ́yà kan ní Arámọkọ. Àgbàlagbà ni, ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí àárẹ̀ ti mú. Ó ní òkú kò lè gbà, kò sì lè kọ̀, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó kù sílẹ̀ bẹ̀rù láti gbà fún un. Ó ní ìyàwó olóògbé ló yẹ kí a kọ́kọ́ bi. Mo ní ìyá wa kò lè ronú dáadáa lásìkò yìí, pé èmi àkọ́bí màá fọwọ́ sí ìwé àṣẹ àyẹ̀wò náà, olórí ẹbí náà yóò sì fọwọ́ sí i.

Ó wò mí títí. "Mà, ohun tí ẹ bi í nìkan kọ́ ni irú àyẹ̀wò yìí máa ń dáhùn."

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í bẹ̀rù," mo wí. Mo mú bírò rẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Ní mọ́ṣúárì, wọ́n ní oògùn tí wọ́n ti fa sí bàbá lára lè ti ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, pé èékánná ni àwọn máa mú. Wọ́n ní kí ó lè dáni lójú, kí àwọn ọmọ tí a ti mọ̀ náà fi itọ́ ẹnu wọn sílẹ̀. Ọkùnrin tó ń tọ́jú òkú níbẹ̀ fa ọwọ́ bàbá jáde lábẹ́ aṣọ. Erùpẹ̀ oko ṣì wà ní etí àtàǹpàkò rẹ̀. Ó gé èékánná méjì, ó sì bó ọ̀kan láti ìdí. N kò gbàgbé ìró rẹ̀. Ọkùnrin náà kò wo ojú mi. Ó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n rán mi ni."

Àbúrò mi dúró sí ìta, kò fẹ́ wọlé. Nígbà tí mo sọ fún un pé òun náà yóò ṣe é, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó di dandan?"

"Kí ọmọ yẹn má baà rí wa rẹ́ jẹ ni."

"Tí ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀." Ó la ẹnu bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lóògùn, wọ́n sì fi òwú nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú.

Nígbà tí mo délé, ìyá wa di ọwọ́ mi mú. "Ṣé wọ́n mú ti àbúrò rẹ náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó tú ọwọ́ mi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, omi àti ẹ̀kọ tútù nìkan ló ń tẹ́nu rẹ̀. Bí a bá ti ń pè é, ó máa ń ta gìrì.

A kò lè dúró de èsì kí a tó sin bàbá, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì ti fún wa lọ́jọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọmọbìnrin náà dúró ní òdìkejì títì nínú aṣọ dúdú tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán. Nígbà tí pósí kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wa lọ́nà jíjìn. Èmi ni mo sọ fún àwọn tó ń darí èrò pé kí wọ́n dá a padà lẹ́nu géètì. Kò jà, kò pariwo. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí láti ibi àyẹ̀wò ní Adó. Obìnrin tó pè ní, "Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ wá, mà." Mo wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì.

Ó ti ilẹ̀kùn kó tó tú ìwé náà. Ó ní ọmọ bàbá wa ni ọmọbìnrin náà. Ó ní ọmọ rẹ̀ ni èmi náà. Lẹ́yìn náà ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mà, ẹ má bínú. Ṣé ṣe ni wọ́n gba àbúrò yín ọkùnrin tọ́ ni?"

N kò mọ bí mo ṣe dé inú ọkọ̀. A ti kọjá Arámọkọ kí n tó mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀, mo bá kúkú gba Erijiyan lọ.

Ìyá wa rí ojú mi, kò sì jẹ́ kí n bèèrè. Ó ní kí n jókòó. Ó ní èmi ò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà tí bàbá wa lọ ṣiṣẹ́ igi gẹdú nínú igbó Oǹdó, tó lé ní ọdún kan tí kò padà, tí kò ránṣẹ́. Nígbà tó fi máa dé, oyún oṣù méje wà nínú òun. Ó ní bàbá wa jókòó síwájú ilé láti ìyálẹ̀ta títí oòrùn fi wọ̀.

"Ó wá bi mí pé, 'Ṣé o ṣì fẹ́ dúró sí ulé yìí?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, 'Èmi ni mo ni oyún nígbà náà.' Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọmọ náà lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Nígbà tó wá lọ bímọ sí Ìjerò, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bá a jà?"

"Ìyá mi, ta ni bàbá àbúrò mi?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ tán. Ọkọ mi ni."

Mo ki ìwé náà bọ ìsàlẹ̀ àpótí mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé pé èmi kọ́ ni mo dá fọwọ́ sí i. Àbúrò bàbá wa gba èsì tirẹ̀. Ó kó ọkùnrin méjì tó ń wọnlẹ̀ lọ sí oko, ó sì sọ ọ́ fún àbúrò mi ní ìdí kòkó, lójú wọn, pé kó kó àdá rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Àbúrò mi wá bá mi ní ilé ẹ̀kọ́. Ó dúró lẹ́nu kíláàsì pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé òótọ́ ni?"

N kò lè parọ́ fún un. Mo gbé ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó ti di ọ̀sẹ̀ méjì."

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù. Ọmọbìnrin Ìjerò wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí i, ó sì lọ jókòó ti àbúrò mi lórí bẹ́ǹṣì. Adájọ́ bi àbúrò bàbá wa pé, "Nígbà ayé olóògbé, ǹjẹ́ ó sọ fún yín rí pé ọmọkùnrin yìí kì í ṣe ọmọ òun?"

"Rárá, olúwa mi."

"Ǹjẹ́ ó sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"N kò gbọ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Adájọ́ ní ọmọ tí obìnrin bí sí ilé ọkọ, tí ọkọ náà gbà, tó sọ lórúkọ, tó sì tọ́ dàgbà, ẹlòmíràn kò lè dúró lẹ́yìn òkú rẹ̀ kó lé e jáde. Ó ní ọmọ olóògbé ni ọmọbìnrin náà pẹ̀lú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ ni ogún. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. "Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n bó èékánná òkú, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni, olúwa mi."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò bá mi wí, kò ní kí n jókòó. Mo dúró síbẹ̀ títí ó fi pe ẹjọ́ mìíràn.

Ní ìta, àbúrò bàbá wa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Kóòtù lè sọ ọ́ di ọmọ," ó wí, "kò lè sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀." Ẹyin lohùn. Gbogbo ìdájọ́ tí adájọ́ fi wákàtí kan kà, gbólóhùn yìí nìkan ni àbúrò mi gbé lọ sílé.

Kò padà sí oko náà mọ́. Ayétòrò ló wà báyìí, oko kòkó ẹlòmíràn ló ń tọ́jú. Ọmọbìnrin Ìjerò máa ń lọ wò ó, ó máa ń ran ṣòkòtò rẹ̀ tó bá ya. Bí èmi bá lọ, á fún mi lága, á bu omi fún mi, ṣùgbọ́n kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. "Mà" ló ń pè mí.

Ìyá wa kò tíì dárúkọ ọkùnrin tó fún un lóyún àbúrò mi títí di òní. Àbúrò mi kò bi í mọ́. Ọmọbìnrin Ìjerò ló sọ fún mi ohun tí àbúrò mi ń ṣe. Ó ní bó bá ti gbọ́ pé àgbàlagbà ọkùnrin kan kú, bóyá ní Ìlogbò, bóyá ní Ẹ̀fọ̀n, bóyá ní ìlú wa gan-an, á wẹ̀, á wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, á wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Á dúró sórí ìlà pẹ̀lú àwọn tó ń wo òkú. Bó bá kàn án, á tẹ̀ síwájú, á wo ojú òkú náà títí àwọn ọmọ olóògbé á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn pé ta nìyẹn.