Àṣíáwù, Ìyá Alábẹ́rẹ́

Nígbà tí kòkó ń pa owó, ó ṣòro kéèyàn rí obìnrin Ìkirè kan tó ń fi yẹtí ṣe fáàrí kiri, tí etí rẹ̀ kò kọjá lọ́wọ́ Àṣíáwù. Tèmi náà kọjá níbẹ̀. Síbẹ̀ a kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí a bá rí i tó ń ti odò bọ̀, ẹ̀yìn ìyá wa ni à ń sá sí, àwọn ìyá wa náà kò sì gbè é. Bí ọmọ bá ń ṣe orí kunkun, wọn á ní, "Dúró, màá pe Ìyá Alábẹ́rẹ́ fún ọ," ọmọ á sì gbé ẹ̀kọ mì lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo irú ọpẹ́ tí à ń dá fún ẹni tó ṣe wá lóge.

Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Àpòmù ni wọ́n ti bí i, ọkọ ló gbé e wá sí Ìkirè. Jímọ́ọ̀ ọkọ rẹ̀ ń dá oko kòkó. Nígbà tí ilẹ̀ ìtòsí kò tó o mọ́, ó kọjá sí ìhà Oǹdó, ó fẹ́ ìyàwó mìíràn sọ́hùn-ún, kò sì padà. Ọmọ kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún Àṣíáwù, Mùnírátù.

Bí wọ́n bá gbé ọmọ wá fún un, á tẹ́ aṣọ sórí itan, á fi àdín pa etí ọmọ títí yóò fi rọ̀, á ti ẹnu abẹ́rẹ́ bọ iná fìtílà. Lẹ́yìn náà á wo ojú ìyá ọmọ, á ní, "Bọ́ síta." Ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá rí ojú ìyá rẹ̀ nígbà tó ń dùn ún, yóò ka ìrora náà sí i lọ́rùn. "Èmi ni kó kà á sí lọ́rùn. Èmi kọ́ ni yóò fún un lọ́mú." Nígbà tí ìyá bá fi máa wọlé padà, òwú dúdú ti wà létí méjèèjì. Ọmọ á rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ láyà, á kọ ẹ̀yìn sí Àṣíáwù. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú tó fi ata sẹ́nu, ohun tó jẹ́ lójú gbogbo wa nìyẹn.

Kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣi ọ̀rọ̀ sọ níwájú òun. Ẹni tó bá ní, "Ìyá, ẹ bá mi gún ọmọ yìí létí," ti rán ara rẹ̀ níṣẹ́. "Ẹ̀gún ló ń gúnni," á fèsì. "Dókítà ń gúnni lábẹ́rẹ́. Gbẹ́rẹ́, wọ́n ń sín in. Ilà, wọ́n ń kọ ọ́. Kòkòrò ló ń dá ẹ̀wà lu nínú àpò. Etí ọmọ, lílu ni à ń lu ú. Èmi kì í ṣe ẹ̀gún." A máa ń sín in jẹ láàárín ara wa. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dénú.

Inú ilé yẹn ni Mùnírátù dàgbà sí, kò sí ọmọ tó jẹ́ wá bá a ṣeré níbẹ̀. Nígbà tó tó ilé ọkọ, ó fẹ́ Olúsànyà, akọ̀wé tó ń wọn kòkó ní Àpòmù. Onígbàgbọ́ ni, Susannah ni wọ́n sì ń pe Mùnírátù lọ́hùn-ún. Àṣíáwù kò bá a jà. Ó ń dá jẹun, ó ń bá adìẹ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tó gbọ́ pé Mùnírátù bí obìnrin, ó ra abẹ́rẹ́ tuntun. Ó fi àdín pa òwú, ó so òwú náà àti abẹ́rẹ́ ní kókó sétí ìró rẹ̀, ó sì wọ mọ́tò lọ sí Àpòmù fún ìkómọ. Alábẹ́rẹ́ kì í fi ara rẹ̀ lọni. Ìyá ọmọ ló gbọdọ̀ gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, kó sọ pé, "Ẹ bá mi lu etí rẹ̀." Àṣíáwù jókòó ti ìrẹsì tí wọ́n gbé fún un, ó ń retí gbólóhùn yẹn. Nígbà tó na ọwọ́ pé kí òun gbé ọmọ, Mùnírátù wo etí ìró rẹ̀, ó ní ọmọ fẹ́ mu ọmú, ó sì gbé e wọ yàrá. Bí Àṣíáwù ṣe so kókó náà lọ ló ṣe so ó bọ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí Sàlámọ̀tù, aládùúgbò rẹ̀, fi ti ọjà Àpòmù dé. "Ìyá Mùnírátù, mo rí ọmọ-ọmọ yín lónìí. Yẹtí wúrà tó wà létí rẹ̀ ń dán gbinrin."

"Ta ló lu ú?"

"Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan ni, n'Ìbàdàn."

Àṣíáwù ní ó dáa. Ó wọlé, ó tú kókó náà, ó ju abẹ́rẹ́ sínú agolo. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí; ó gbà pé tòun ti dí. Ó dá a lójú pé ọmọ òun ń tijú òun lójú àwọn àna rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ mìíràn wá, ó ní ojú ń dun òun.

Nígbà tí kòkó ọdún náà kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọ̀gá Olúsànyà ní kó lọ máa bá àwọn ra ẹ̀pà ní Kánò. Mùnírátù wá dágbére. Ọmọ ti ń jókòó fúnra rẹ̀ nígbà náà.

"Ìyá, ẹ gba ọmọ yín."

Àṣíáwù kò na ọwọ́. "Mùnírátù, kí ni mo ṣe fún ọ?"

Mùnírátù kúnlẹ̀. "Ìyá, gbogbo ọmọ ìlú yìí ló ń sá fún yín. Mo dàgbà síhìn-ín, mo máa ń rí yín. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ wọn jáde, ẹ ó jókòó, ẹ ó máa wo orí itan yín. Mo rí kókó etí ìró yín lọ́jọ́ ìkómọ, ni mo ṣe gbé ọmọ sá. Mo fẹ́ kí ẹyọ kan wà tí ẹ kò ní í pa lẹ́kún."

"Ṣé o kò lè sọ fún mi ni?"

"Ẹ̀rù yín bà mí. Ẹ̀ bá ní kí n bọ́ síta."

Ó gbé ọmọ náà lé e lórí itan. Àṣíáwù kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Àtọjọ́ tó ti ń gbé ọmọ, etí nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ ń wá. Ọmọ náà wò ó, ó na ọwọ́, ó di etí ìyá àgbà mú, ó sì ń fà á. Àṣíáwù tẹ orí sílẹ̀ fún un kó lè tó o dáadáa. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Ìgbà tí mọ́tò fọn fèrè lójú títì, Mùnírátù gba ọmọ. Ọmọ náà figbe ta. Ó yí padà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń ké kíkankíkan títí wọ́n fi wọ mọ́tò.

Sàlámọ̀tù jáde sẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá Mùnírátù, etí lẹ tún ń lu ni?"

"Rárá," Àṣíáwù wí. "Ọ̀dọ̀ mi ló fẹ́ padà sí."

Ó dúró lójú títì títí eruku mọ́tò fi rọlẹ̀, ó sì wọlé lọ bá adìẹ rẹ̀.