Ta Ni Yóò Wẹ Ọ̀rẹ́ Ìyá Mi?

Báọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ewé, egungun, ẹ̀jẹ̀, bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń mí: ìmọ̀ mi ò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àrùn kòrónà wọ̀lú, tí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kó kúrò ní Under G, àdúgbò tí mò ń gbé, tí gbogbo àdúgbò sì pa lọ́lọ́, ńṣe ni àwọn ẹbí mi sọ mí di dókítà. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó ń yọjú. Èmi kọ́ ni mo tiẹ̀ yọjú o, àwọn ni wọ́n fà mí jáde.

Wọn á pè mí láàárọ̀, wọn á tún pè mí lọ́sàn-án. Ṣé òótọ́ ni pé oòrùn ń pa á? Ṣé kí àwọn máa fi omi iyọ̀ wẹ̀? Aáyù ni kí àwọn sè ni, àbí atalẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń dáko ní Ìkòyí-Ilé ní kí n má dààmú nípa tòun, pé àrùn tó bá fẹ́ mú òun ní láti kọ́kọ́ mọ ọ̀nà oko òun. Mo máa ń bínú. Bí mo bá ní n ò mọ̀, wọn á rò pé mò ń fi ìmọ̀ pamọ́ fún wọn ni. Bí mo bá sì ní “wọ́n ní”, wọn á bi mí pé àwọn wo ló ní bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò gan-an, ẹnu wọn ò kò. Wọ́n ní kí ará ìlú má wulẹ̀ lo ìbòmú, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn dókítà. Ó ṣe díẹ̀, wọ́n ní ẹni tí kò bá lò ó, ọlọ́pàá á mú un. Wọ́n ní àrùn náà ń wà lára irin, wọ́n ní ó ń wà lára páálí. Bí yóò ti pẹ́ níbẹ̀ tó, ó dọwọ́ ẹni tó bá ń sọ ọ́.

Díákónì ni onílé mi ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìta gbangba ló ń jókòó sí ní ọjọ́ ìsinmi pẹ̀lú Bíbélì lórí itan, táì lọ́rùn, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Tíṣà, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó wá síbí láyé ọjọ́un, ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n bá jà. Ṣé eléyìí le ju ẹ̀tẹ̀ lọ ni?”

Mo ní, “N ò mọ̀, sà.” Ó wò mí bí ẹni pé owó ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá mi san ló ń ṣe é láàánú.

Òun náà ló wà níta lọ́jọ́ tí ìyá mi pè mí láti Ọ̀yọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi sọ ò gùn. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi ń wúkọ́.”

Mo ní láti sọ ẹni tí ìyá mi jẹ́. Ọṣẹ dúdú àti òrí ló ń tà ní ọjà Akẹ̀sán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́ ni òkú wíwẹ̀. Bí obìnrin Mùsùlùmí kan bá kú ní ìsàlẹ̀ ọ̀hún, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ, kì í sì í gba nǹkan kan nídìí ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí ń ta ẹní, ìsọ̀ wọn kọjú síra láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àwọn méjèèjì ti bára wọn ṣàdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ, ìkejì ni yóò wẹ̀ ẹ́. Wọn kì í sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ikú. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ní, “Má fi omi tútù wẹ̀ mí o, o mọ̀ pé òtútù ò bá mi lára mu.”

Ìyá mi á ní, “Bó o bá ti kú, ta lo fẹ́ fẹjọ́ mi sùn?”

Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ti ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́ nímú láti fi ṣàyẹ̀wò, wọ́n wá ní kó lọ máa dúró de èsì nílé. Mo múra ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bàbá onílé wọlé, ó gbé aṣọ òjò rẹ̀ jáde fún mi, aṣọ òjò aláwọ̀ búlúù tó gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, tí àmì ìjọ wọn wà lẹ́yìn. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ bí mo bá dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Mo kúnlẹ̀ gbà á, ojú ń tì mí. Ìbọ̀wọ́ tí a fi ń la ọ̀pọ̀lọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ṣẹ́ kù nílé mi. Mo kó o sínú báàgì pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ìyá mi na ọwọ́ láti dì mọ́ mi, mo fò sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ejò wà lọ́rùn òun ni. Ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Kò ráyè dé ìsọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dùbúlẹ̀. Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀, torí pé ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Télọ̀ ni ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló rán ìbòmú tó lò.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọ̀rẹ́ ìyá mi kú.

A kì í fi òkú Mùsùlùmí sílẹ̀ di ọjọ́ kejì bí a bá ti lè sin ín. Ọmọ rẹ̀ ń pe ilé ìwòsàn ṣáá bóyá èsì ti dé, fóònù ń dún, ẹnìkan ò gbé e. Àwọn èèyàn dúró káàkiri àgbàlá, oníkálùkù jìnnà sí ẹnìkejì bí ẹni tó ń jà. Àáfà àdúgbò wa dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní ẹ̀sìn ò ní ni lára: bí omi bá lè ṣe ẹni tó ń wẹ òkú ní jàǹbá, a lè fi erùpẹ̀ tó mọ́ ra òkú lójú àti lọ́wọ́ dípò omi, kí a dì í, kí a sì sin ín. Ó wá yíjú sí mi.

“Ṣùgbọ́n bóyá ó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, ìyẹn ni èmi ò mọ̀. Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀. Ṣé àrùn yìí ń gbé ara òkú?”

Gbogbo àgbàlá kọjú sí mi. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ pé fáírọ́ọ̀sì ò lè bí sí i láìsí ẹ̀mí nínú ara tó wọ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìgbà wo ló máa kú tán lẹ́yìn tí ẹni náà bá kú? Ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn ò débẹ̀. Mo ti kà á lórí fóònù pé kò séwu, mo sì ti kà á lórí fóònù kan náà pé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn.

Mo ní, “Wọ́n ní òkú kì í wúkọ́, torí náà kò lè fọ́n ọn síta. Wọ́n tún ní bí wọ́n bá ń yí òkú padà, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró lè jáde. Àwọn kan ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá. Àwọn kan ní bí èèyàn bá ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ti tó.”

Ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá mi ní, “Àǹtí, èwo nínú ẹ̀ la máa ṣe?”

Ojú rẹ̀ pọ́n. Bí mo bá ní erùpẹ̀, mo ti ba àdéhùn àwọn ìyá méjì jẹ́, bóyá lórí ikọ́ àti ibà lásán. Bí mo bá ní omi, ó lè jẹ́ pé èmi ni mo fẹnu ara mi pa ìyá mi. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣe é gbé mì, kò ṣe é tu dànù. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì tún ń bínú sí gbogbo wọn pé èmi ni wọ́n bi.

Èéfín ló jẹ́ kí n wẹ̀yìn. Ìyá mi ti dáná sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti gbé omi kaná.

Mo ní, “Màámi, n ò tíì sọ pé kẹ́ ẹ ṣe é.”

Ó ní, “Mo gbọ́ ẹ. O ní o ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Àáfà ò mọ̀. Ṣé tórí pé gbogbo wa ò mọ̀, ká wá gbé e sin bẹ́ẹ̀?”

Àáfà ò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó kàn ní kí èèyàn má pọ̀ níbẹ̀. Kò tiẹ̀ yẹ kó ṣe àníyàn nípa ìyẹn: àwọn obìnrin tó máa ń bá ìyá mi ṣe é, ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ìkejì ò gbé fóònù. N ò bá wọn wí. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti rí i pé èmi ló kù láti máa da omi.

Mo wọ aṣọ òjò díákónì sí ìyá mi lọ́rùn, mo fi ìbọ̀wọ́ ọ̀pọ̀lọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, mo fi ìbòmú dì í nímú. Àáfà rí àmì ìjọ Onítẹ̀bọmi lẹ́yìn aṣọ náà nígbà tí a ń wọlé. Ó wò ó, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ì bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

A fi aṣọ bò ó bí ó ti yẹ. Ìyá mi we àkísà funfun mọ́ ọwọ́ lórí ìbọ̀wọ́, torí pé awẹ-òkú kì í fi ọwọ́ lásán kan ibi tí a fi aṣọ bò. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: apá ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀, má da omi sí i lójú bí ẹni tó ń fọ ilẹ̀. Mo ń dà, mo ń há èémí mọ́ra bí ẹni pé èémí ṣe é há mọ́ra títí iṣẹ́ á fi parí. A gbé omi tuntun wọlé. Ìyá mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dúró, ó tún ki í bọ̀ ọ́. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti tú àkísà, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ti ki ọwọ́ lásán sínú omi.

Mo kígbe mọ́ ọn.

Ó ní, “Ìbọ̀wọ́ yìí ò jẹ́ kí n mọ bó ṣe gbóná tó. Omi ti ń tutù.”

Ó ní kí n bu gbígbóná kún un. Mo bù ú kún un. Ó tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ní ó ti dáa, ó wá fi ọwọ́ náà, bẹ́ẹ̀ láìbọ nǹkan kan, nu ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́, omijé ń wọ inú ìbòmú mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wa, èmi àti ìyá mi. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní kí ìyá mi máa gbóòórùn ọṣẹ rẹ̀ láràárọ̀, torí wọ́n ní ẹni tó bá ní àrùn náà kì í gbóòórùn mọ́. Ó ní òun ń gbọ́ ọ, pé ọṣẹ ìyá ẹlòmíràn ni kì í ta sánsán. Lọ́jọ́ tí ata dídín há a lọ́fun tó wúkọ́, oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

A ṣì wà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wá dúró sí ojú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní ilé ìwòsàn ti pe òun.

Mo ní, “Kí ni rìsọ́ọ̀tì wí?”

Ó ní, “Wọ́n ní sámpù tí wọ́n gbà nímú yẹn bàjẹ́ kó tó dé ibi àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí n mú màmá wá, kí àwọn tún un gbà.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín, ó bá ti ibẹ̀ lọ. Títí di òní, n ò mọ ohun tó pa ọ̀rẹ́ ìyá mi. Ìyá mi ò ṣàìsàn. N ò mọ̀ bóyá ọṣẹ dúdú ló ràn án lọ́wọ́ ni, àbí àrùn náà ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá mi jókòó lórí ẹní tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tà fún un, ó ń fi ìka tọ etí ẹní náà. Ó ní, “Mo ti wẹ òun. Ẹni tó yẹ kó wẹ̀ mí ló lọ yìí. Ta ló wá máa wẹ̀ mí báyìí?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó fi etí ẹní náà sílẹ̀, ó kọjú sí mi.

Ó ní, “Omi tútù ni kó o lò o. Òun ló fẹ́ràn gbígbóná, kì í ṣe èmi.”

Mo ní, “Mo mọ̀, Màámi.”